Kí Òjò Má Dá

Fèyísọ́lá kò bẹ Ọlọ́run rí láyé rẹ̀ pé kí òjò má dá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ń wo ọkọ̀ funfun kan tó wà nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ láìdákẹ́: "Baba, má jẹ́ kó dá. Jẹ́ kó rọ̀ dalẹ́. Jẹ́ kó rọ̀ mọ́jú."

Ọlọ́pàá kóòtù ló wà nínú ọkọ̀ funfun náà. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ló ti dé, òun àti ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ọkùnrin mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ó ti gun àtẹ̀gùn wá, ó ti kanlẹ̀kùn, ó ti ṣí fìlà. Ó sọ fún Fèyísọ́lá àti Clement ọkọ rẹ̀ pé òun wá kó ẹrù wọn síta gẹ́gẹ́ bí kóòtù ṣe pàṣẹ, àmọ́ òfin kò gbà kí òun kó ẹrù ẹnikẹ́ni sínú òjò. Òun á lọ dúró nísàlẹ̀. Bí òjò bá ti dá, òun á padà wá. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń sọ àsìkò tí bọ́ọ̀sì máa dé.

Fèyísọ́lá ti ilẹ̀kùn. Òfin tó ń ṣàánú àga àti bẹ́ẹ̀dì kí òjò má baà pa wọ́n, òfin náà ló ní kí èèyàn jáde. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òjò ò gbọdọ̀ pa ọmọ.

Wọn kò sì jẹ owó ilé. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti wà nínú apátímẹ́ǹtì yìí ní Lake Highlands, nílùú Dallas ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì pẹ́ san owó oṣù kan rí. Ilé-iṣẹ́ kan láti ìpínlẹ̀ mìíràn ló ra gbogbo ọgbà náà. Wọ́n kun ara ilé ní àwọ̀ eérú, wọ́n gbé pátákó tuntun síwájú géètì, wọ́n wá kọ̀wé sí àwọn èèyàn pé àwọn ò ní tún ìwé ilé wọn ṣe mọ́, kí wọ́n kó jáde. Wọ́n fẹ́ fi táìlì tuntun sí i kí wọ́n lè rí ẹni tó máa san ìlọ́po owó wọn. Ẹni tí kò bá rí ibi kó lọ, wọ́n á gbé e lọ sí kóòtù. Bí wọ́n bá sì ti gbé èèyàn lọ sí kóòtù, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gbogbo onílé tó wà ní Dallas. Ibi méje ni Fèyísọ́lá àti Clement ti lọ wá ilé. Ibi méjèèje ló gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn. Ibi méjèèje ló kọ̀ wọ́n.

Ó yíjú kúrò lójú fèrèsé, ó padà sídìí sítóòfù. Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tàn. Fíríìjì jẹ́ ti onílé. Fíríìsà kékeré jẹ́ tiwọn, àmọ́ kò síbi tí wọ́n á ti so ó mọ́ iná lálẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí náà ló ṣe pinnu pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lòun máa sè. Ata lílọ̀ tó wà nínú ike márùn-ún, ó dà á sínú ìkòkò kan. Ó bọ adìyẹ méjì, ó bọ ẹsẹ̀ màlúù, ó rẹ pánla sínú omi gbígbóná, ó sì gbé ìrẹsì tó lè tó ogún èèyàn kaná. Òórùn ọbẹ̀ gba gbogbo ilé bí ẹni pé wọ́n ń retí àlejò.

Détọ́lá, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń ki aṣọ sínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń dalẹ̀nù. Kò lọ sílé ìwé. Àbúrò rẹ̀ Ọmọ́ládé, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé lọ láàárọ̀, tí wọn ò sì sọ nǹkan kan fún.

"Mummy, who's going to eat all that?" Détọ́lá bèèrè.

"Ẹnu ò wọ́n," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Máa ká aṣọ."

Clement jókòó sórí apá àga ní pálọ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti fárùngbọ̀n, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tó máa ń wọ̀ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Coppell. Fèyísọ́lá ti rí i láti àárọ̀, ó ti ń fi ara dà á. Nígbà tó dé ibi tí kò lè fara dà á mọ́, ó yọjú láti ilé ìdáná.

"Aṣọ iṣẹ́ lẹ wọ̀ yẹn, Bàbá Détọ́lá?"

"Aago mẹ́rin ni mo máa wọlé."

"Ibi iṣẹ́? Lónìí?"

"Ọjọ́ tí èèyàn bá pa jẹ ni wọ́n ń yọ póìǹtì kan; ẹyọ kan ṣoṣo ló kù fún mi lọ́wọ́ wọn, o mọ̀. Tí mo bá pa iṣẹ́ jẹ lónìí, wọ́n á dá mi dúró. Ṣé torí pé ilé ò sí, kí iṣẹ́ náà má sí ni?"

Fèyísọ́lá gbé síbí ọbẹ̀ lé orí ìdérí ìkòkò. "Póìǹtì yẹn náà lẹ ń lé kiri lọ́jọ́ kóòtù. Ẹ ní kí èmi nìkan máa lọ."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe ní kóòtù? Ṣé lọ́yà ni mí?"

"Ẹ̀ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi! Ìyẹn náà ti tó!"

"Ìwọ tó o lọ, kí lo sọ?" Clement dìde. "Mo ń bi ọ́. Kí lo sọ fún adájọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ìbéèrè kan péré ni adájọ́ bi í: ṣé ẹ ti kó jáde? Ó ní, rárá, sà. Gbogbo rísíìtì owó ilé ọdún mẹ́fà wà nínú fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti tò ó lóṣooṣù, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó ṣí i. Kó tó la ẹnu lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti pe orúkọ ẹlòmíràn. Èèyàn bí ọgọ́ta ló wà lórí ìjókòó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn ìyá tó gbé ọmọ dání, àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn kó tó dàsìkò oúnjẹ ọ̀sán.

"Ìwọ ló yẹ kó o sọ ọ́," Fèyísọ́lá wí. "Ìwọ Clement. Ìwọ lo gbé mi wá síbí."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí, àní nígbà tí inú bá ń bí i pàápàá. Détọ́lá di aṣọ kan mú, kò ká a, kò sì jù ú sílẹ̀. Clement tún jókòó.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ṣùgbọ́n Sururat ni, obìnrin ará Ìbàdàn tó ń gbé lókè wọn, tó máa ń dirun fún àwọn èèyàn nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú àpótí páálí mẹ́ta.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Détọ́lá. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má sọ pé mo ń tojú bọ ọ̀rọ̀ yín, mi ò lè jókòó sókè kí n máa gbọ́rọ̀ yín." Ó gbé páálí sílẹ̀. "Ìwé tó bá ṣe pàtàkì, páálí kan. Fọ́tò, páálí kan. Ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa sunkún lé lórí tó bá sọnù, páálí kan. Màá kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

"Sururat, Ọlọ́run á ṣàánú fún ọ."

"Kó tètè ṣe é o. Ẹ ò gbọ́ tìyá Mẹ́síkò tó wà ní ilé kẹrin nínú ọgbà yìí? Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kó tiẹ̀ síta. Kó tó ti ọ́síbítù dé, wọ́n ti jí tẹlifíṣàn, wọ́n ti jí oògùn ìtọ̀ ṣúgà ọkọ ẹ̀. Oògùn! Kí lèèyàn fẹ́ fi oògùn olóògùn ṣe?" Ó lọ sójú fèrèsé, ó wo ìsàlẹ̀. "Mo ti kírun láàárọ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí òjò yìí rọ̀ dọjọ́ Jímọ̀."

"Èmi náà ti bẹ̀ ẹ́."

"Ká jọ máa bẹ̀ ẹ́ lọ."

Ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé, kò sì wo ojú ẹnì kankan bó ṣe ń sọ ọ́. "Ǹ bá ní kẹ́ ẹ wá sùn lọ́dọ̀ mi. Ẹ mọ̀ pé ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ̀wé sí èmi náà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ ni tèmi. Tí máníjà bá rí ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé ilé mi, kò ní jẹ́ kó pé oṣù."

Fèyísọ́lá bu ìrẹsì àti itan adìyẹ méjì sínú abọ́, ó fi fún un. Sururat gbà á, ó jókòó sórí ọ̀rá aṣọ, ó ń jẹun, omi ń dà lójú rẹ̀.

Òjò náà rọ̀ títí di bí aago kan ààbọ̀. Kò dá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ fúyẹ́, ó tún ya, gbogbo wọn sì mí kanlẹ̀. Ó tún fúyẹ́. Nígbà tó ṣe, omi tó ń kán láti etí òrùlé nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ìmọ́lẹ̀ sì wọ inú ilé ìdáná wá. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ funfun ṣí, ọlọ́pàá náà sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ síta, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ó mú un bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn akẹ́rù.

Bí wọ́n ṣe ń kó o yá ju bí èèyàn ṣe lè máa wò ó lọ. Àga pálọ̀ kọ́kọ́ lọ, tábìlì tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé e. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ jáde, wọ́n da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ọ̀rá: síbí, bátìrì, ìwé àbájáde ilé ìwé àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀. Orí koríko tútù tó wà lẹ́bàá ojú ọ̀nà ni wọ́n ń kó wọn jọ sí. Fíríìsà dé ibẹ̀, wọ́n fi ìdí rẹ̀ kọ bẹ́ẹ̀dì. Ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Clement dúró lórí koríko, ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, ó ń tò ó, bí ẹni pé tó bá ti wà létòlétò, ilé ni.

Ọkùnrin kan wà lára àwọn akẹ́rù náà, àgbàlagbà, Aláwọ̀dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Òun ló ń gbé bẹ́ẹ̀dì Ọmọ́ládé, bẹ́ẹ̀dì kékeré tí wọ́n lẹ ìràwọ̀ mọ́ lára. Nígbà tó ń kọjá lẹ́nu ilé ìdáná, Fèyísọ́lá dí i lọ́nà.

"Ṣé ìwọ náà bímọ?" Ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ sì dé ìsàlẹ̀. "Mo ní, ṣé ìwọ náà bímọ?"

Ọkùnrin náà gbé bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. "Mo bímọ, mà. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé báyìí."

"Bí wọ́n bá ń kó bẹ́ẹ̀dì tiwọn síta báyìí ńkọ́?"

"Mà," ló wí, kò sì gbé ohùn sókè, "ibùdó àwọn aláìnílé tó wà láàárín ìlú ni mo ń sùn. Òròòwúrọ̀ ni ọkọ̀ yìí máa ń wá gbé wa níbẹ̀. Àwa mẹ́ta nínú àwa mẹ́rin tẹ́ ẹ rí yìí, ibẹ̀ la ti wá. Ẹ̀yin lẹ ṣíwájú lónìí. Ilé márùn-ún ṣì kù lẹ́yìn yín."

Fèyísọ́lá wò ó. Ìbínú tó ti kó jọ sílẹ̀ dè é kò mọ ibi tó máa gbà lọ mọ́. Ẹni tí kò nílé ni wọ́n háyà kó wá sọ ẹlòmíràn di aláìnílé, wọ́n á sì san owó díẹ̀ fún un, ẹni tó háyà rẹ̀ á wà níbì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kò ní fojú kan ẹnikẹ́ni nínú wọn láé.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" ló bi í.

"Rárá, láti àná, mà."

Ó bu oúnjẹ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n jẹ ẹ́ lórí àtẹ̀gùn, kíákíá, láìgbójú sókè. Àgbàlagbà yẹn nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ẹ fi í sára yín, mà. Ẹ má fi í sínú àpò. Àpò máa ń lọ." Lẹ́yìn náà ló gbé bẹ́ẹ̀dì oníràwọ̀ náà, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Fèyísọ́lá ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ìkòkò ọbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sọ̀ kalẹ̀, tí ọbẹ̀ ṣì ń hó, ó gbé e lé orí tábìlì tí Clement ti tò sórí koríko. Ọlọ́pàá pààrọ̀ àgádágodo, ó fún wọn ní ìwé kan tí nọ́ńbà fóònù kún inú rẹ̀, ó tún ní kí wọ́n má bínú. Ọkọ̀ funfun lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀ lé e.

Àwọn aládùúgbò jáde. Àwọn kan dúró lókè lójú ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń wò. Àwọn kan mú abọ́ wá, Fèyísọ́lá sì ń bu oúnjẹ fún wọn láìsọ̀rọ̀. Ọkọ̀ àjèjì kan ti yí ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí Clement yíjú, ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó gbé fáànù, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Détọ́lá pariwo, ó sá tẹ̀ lé e, àmọ́ ọkọ̀ ti lọ. Ó dúró láàárín ọ̀nà.

"They didn't even wait," ló ń wí. "They didn't even wait for us to leave."

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni bọ́ọ̀sì ilé ìwé máa ń dé. Fèyísọ́lá ti ń rò ó láti ọ̀sán pé òun máa lọ pàdé rẹ̀ ní ìkóríta kí ọmọ má baà rí i, àmọ́ ìbínú fáànù yẹn gbà á lọ́kàn. Kó tó gbójú sókè, bọ́ọ̀sì yẹ́lò ti dúró. Ojú àwọn ọmọdé kún gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ọmọ́ládé sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́yìn, ó rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó rí dúrọ́ọ̀, ó rí àwọn èèyàn tó mú abọ́ dání, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó rò pé ẹrù àlòkù ni wọ́n ń tà níwájú ilé.

"Mummy, are we having a yard sale?"

Fèyísọ́lá na ọwọ́ sí i, ó fà á mọ́ra, kò sì jẹ́ kó rí ojú òun. "Rárá," ló wí. "Wá jẹun."

Kò tíì jẹun tán nígbà tí Gbéminíyì dé. Ẹ̀gbọ́n ni fún Clement, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀; nọ́ọ̀sì àgbà ni, Carrollton ló sì ń gbé, nínú ilé oníyàrá márùn-ún. Clement ló pè é. Ó gbé ọkọ̀ ńlá rẹ̀ dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, àmọ́ kò wọ orí koríko nítorí ẹrẹ̀.

"Jésù! Clement! Kí lẹ ṣe tó fi dé báyìí?"

"A ò ṣe nǹkan kan, Sister."

"Wọn kì í ṣàdédé lé èèyàn nílé ní Amẹ́ríkà. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Oṣù mélòó lẹ jẹ?"

"A ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan, mà."

Ó wò ó bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń wo aláìsàn tó ní òun kì í mutí. "Ó dáa. Mi ò wá jà. Àmọ́ àwa tá a jọ dé ìlú yìí nígbà kan náà, ṣé a ò ti ra ilé ni? Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó sì ń tọ́jú owó rẹ̀, ta ló máa gbé ẹrù ẹ̀ síta? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń gba ọ̀nà yìí kọjá o." Ó wo àwọn ọmọ. "Màá mú àwọn ọmọ lọ. Títí di Sátidé, torí àwọn àna mi ń bọ̀ láti Houston. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wá nǹkan ṣe sí tiyín. Ọkọ mi ò fẹ́ wàhálà nínú ilé, ẹ mọ̀ ọ́n."

Fèyísọ́lá gbé síbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Sister, yàrá mélòó lẹ ní?"

"Kí lo wí?"

"Yàrá, mà. Mo ń bi yín ni. Èmi ni mo wá bá yín tún ilé ṣe nígbà tẹ́ ẹ kó wọ̀ ọ́. Mo fọ bálùwẹ̀ mẹ́rin. Yàrá kan wà lókè tó jẹ́ pé igi Kérésìmesì ló ń sùn níbẹ̀. Kò sẹ́lòmíì. Igi Kérésìmesì àti àpótí méjì."

"Fèyísọ́lá, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìgbà wo la ò ṣiṣẹ́? Mò ń fọ ìdí arúgbó lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Clement ń gbẹ́rù ní Coppell títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi ń dún. Ẹ wo ilé tó wà lẹ́yìn mi yìí, gbogbo ẹni tí wọ́n ń lé níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ta ló ń nu ilẹ̀ ọ́síbítù tẹ́ ẹ̀yin ti ń ṣe nọ́ọ̀sì? Ta ló ń se oúnjẹ tẹ́ ẹ̀ ń rà níbẹ̀? Níbo lẹ rò pé wọ́n ń sùn?"

"Màmá Détọ́lá, ó tó," Clement wí.

"Kò tíì tó! Ẹni tó ra ilé lórí èèyàn ò jẹ̀bi, ẹni tó gba owó fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀méje ò jẹ̀bi, adájọ́ ò jẹ̀bi. Àwa la jẹ̀bi. Àwa tá à ń sanwó!"

Àwọn tó wà lókè ti gbára lé irin, wọ́n ń wò, bí wọn ò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Gbéminíyì yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ jáde. "Ṣé àwọn ọmọ ń bọ̀ àbí wọn ò bọ̀?"

"Wọn ò bọ̀," Fèyísọ́lá dáhùn.

Gbéminíyì ṣí bùútù, ó gbé páálí omi inú ike kan sílẹ̀ létí koríko, ó ní òun á máa fi wọ́n sínú àdúrà. Ọkọ̀ ńlá náà yí padà, ó lọ.

Kò tíì kọjá géètì tí ara Fèyísọ́lá fi tutù. Bẹ́ẹ̀dì ọjọ́ méjì ló fi ìbínú dà nù yẹn fún ọmọ méjì, kì í sì í ṣe òun ló máa sùn lórí rẹ̀. Ó wo Clement, ó ń retí pé kó bá òun wí. Aago mẹ́rin ti kọjá. Fóònù Clement dún lẹ́ẹ̀mejì nínú àpò, ó jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù náà, ó ká a dáadáa, ó fi í nu orí àga tó tutù kí Ọmọ́ládé lè jókòó.

Ohun tí ọkọ̀ Sienna wọn lè gbà ni wọ́n kó. Sururat àti Détọ́lá gbé páálí mẹ́ta sókè. Ìyókù, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde ní géètì, ẹnì kan ti ń tú fíríìsà wò.

Iwájú ilé ìtajà ńlá kan tí kì í tì ni Clement gbé ọkọ̀ dúró sí. Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Fèyísọ́lá yọ ìwé ọlọ́pàá jáde, ó ń pe nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní ò gbé e. Èkejì ní ibi tí àwọn ní, obìnrin àti ọmọ nìkan ló wà fún, kí bàbá lọ síbòmíràn, àmọ́ ó ti kún náà. Lórí ẹ̀kẹta, orin ló ń gbọ́ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí obìnrin kan tó dáhùn. Ó ní orúkọ òun ni Bridget. Ohùn rẹ̀ ti há.

Ó bèèrè orúkọ, ó bèèrè ọjọ́ orí àwọn ọmọ, ó bèèrè ibi iṣẹ́. Fèyísọ́lá ń dáhùn, ó ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà.

"Níbo lẹ sùn lálẹ́ àná, mà?"

"Nínú ilé wa."

Kọ̀ǹpútà dákẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín, mà. Bí mo bá kọ ọ́ pé inú ilé lẹ sùn, ẹ̀rọ yìí á ní ẹ ò tíì di aláìnílé. Á ti fọ́ọ̀mù yín pa. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣe tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹbí lẹ sùn. Àfi ẹni tó bá ti sùn síta tàbí sínú mọ́tò."

"Ilé yẹn ò sí mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo rẹ̀."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi lónìí." Obìnrin náà mí. "Mi ò tíì tẹ nǹkan kan. Màá tún ìbéèrè náà bi yín. Níbo lẹ sùn lálẹ́ àná?"

Fèyísọ́lá, tó ti fi bàtà lu Détọ́lá rí nítorí irọ́ kékeré, wo inú díńgí iwájú. Ọmọ́ládé ti sùn, orí rẹ̀ wà lórí ọ̀rá aṣọ. Détọ́lá kò sùn. Ó ń wo ìyá rẹ̀ nínú díńgí náà, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Nínú mọ́tò," Fèyísọ́lá wí.

"Ẹ ṣeun, mà." Ó tẹ̀ ẹ́. "Orúkọ yín ti wọlé báyìí. Ìdílé ọ̀rìnlérúgba ló wà níwájú yín. Ẹ má pa fóònù yín."

Fèyísọ́lá gbé fóònù lé itan rẹ̀. Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé. Clement ṣáná sí ọkọ̀, ó rọra sún un lọ sí igun kejì ọgbà náà, ó ń wá ibi tí iná òpó kò ti ní máa tàn sójú ọmọ.